Orúkọ Jámánì lára Wáìnì Ilẹ̀ Faransé

Ìbéèrè: Ọmọ wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé wáìnì funfun kan wá fún bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá pé àádọ́rin ọdún. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni Trimbach, Riesling, Cuvée Frédéric Emile. Ìgò náà gùn gbọọrọ. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ní ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó kàwé ní Jámánì ní orúkọ Jámánì ni. Nígbà tí a ṣí i, kò dùn rárá, ó kan, ó sì ń rùn díẹ̀ bíi kẹrosíìnì. Bàbá ní wọ́n ti lu ọmọ wa ní jìbìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ayédèrú ni?
Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí bàbá. Wọn á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. N kò rí ìgò náà, nítorí náà n kò lè búra fún un. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó fi hàn pé ayédèrú ni. Bí wáìnì yìí ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn.

Orúkọ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtàn wà. Alsace ni ìdílé Trimbach ń gbé, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Rhine ti pààlà pẹ̀lú Jámánì. Ọdún 1626 ni Jean Trimbach bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáìnì ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Riquewihr. Nígbà yẹn, ìlú náà kò tíì sí lábẹ́ ọba Faransé, èdè tó bá ti Jámánì tan sì ni wọ́n ń sọ nílé. Lẹ́yìn náà ni ogun wá ń fa ilẹ̀ náà síwá sẹ́yìn. Jámánì gbà á ní 1871, Faransé gbà á padà ní 1918, àwọn ọmọ ogun Hitler tún gbà á ní 1940. Ẹni tí wọ́n bí sí Alsace ní 1870, tó sì rí òpin ogun ní 1945, ti jẹ́ ará Faransé, ó ti jẹ́ ará Jámánì, ó tún ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó padà di ará Faransé, láì kó kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Frédéric Emile tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò yín, ọmọ ìdílé náà ni. Abẹ́ Jámánì ni Alsace wà nígbà tó gbé wáìnì rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels ní 1898, tó sì gba ẹ̀yẹ tó ga jù lọ níbẹ̀. Wọ́n tún ní ọgbà àjàrà kan ní Hunawihr, Clos Sainte Hune, tí kò ju nǹkan bí éékà mẹ́rin lọ. Ó ti lé ní igba ọdún tí ọgbà yìí ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1919, kété tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ ọgbà náà sára ìgò. Ìran kẹtàlá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí. Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí máa ń wú mi lórí gidigidi: ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, wọ́n ń tọ́jú àjàrà wọn.

Gígùn tí ìgò náà gùn, òfin Alsace ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Riesling ni orúkọ irú àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ń gbìn ín ní Jámánì náà.

Ní ti kíkan rẹ̀, ọ̀pọ̀ wáìnì tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ló dùn, ìdí nìyẹn tí èyí fi ṣàjèjì sí yín lẹ́nu. Àwọn Trimbach máa ń jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ṣúgà inú omi àjàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọn kì í sì í ṣe ohun tí yóò dín kíkan rẹ̀ kù. Kíkan yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́ láì bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra ti Alsace lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wo ara ìgò dáadáa. Láti ìkórè 2021, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe dùn tó síbẹ̀: “sec” kò dùn, “moelleux” dùn, “doux” ló dùn jù.

Òórùn kẹrosíìnì yẹn ló bá yín lẹ́rù jù, mo mọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i. Àwọn èròjà kan wà nínú àjàrà Riesling, pàápàá èyí tí oòrùn pa dáadáa, tí wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí wáìnì ṣe ń pẹ́ nínú ìgò, òórùn yẹn ni wọ́n sì ń dà. Àwọn Trimbach fúnra wọn máa ń fi Frédéric Emile pamọ́ sí àjà ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà á. Àwọn kan kò fẹ́ràn òórùn náà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, bí kò bá ti pọ̀ jù. Ká ní ọtí kíkan tàbí páálí tó rin ló ń rùn bí i, tàbí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ǹ bá ní kí ẹ dà á nù.

Ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sí fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ gbé e jáde díẹ̀ kí ẹ tó mu ún, kó má tutù jù, kí ẹ sì bá bàbá wá ẹja yíyan tí ata rẹ̀ kò pọ̀ tì í.