Ẹ Yọ Ìgò Yẹn Kúrò Nínú Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìgàndò, Ìpínlẹ̀ Èkó, fọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́tò. Páìpù onírin ló fi ṣe férémù rẹ̀, wẹ́dà ẹ̀bá títì ló bá a jó o pọ̀, ẹ́ńjìnì Toyota Corolla tòkunbọ̀ ló gbé síwájú, àga méjì péré ló wà nínú ẹ̀. Ní Sátidé tó fẹ́ gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ló yí i ká, inú mi sì dùn sí i dọ́ba. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ìgò oníke 50cl, irú èyí tí wọ́n fi ń ta mínírà, tó fi wáyà àwọn bíríkìlà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Ó ti fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí ìgò náà, ó wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ láti ọrùn rédíétọ̀. Rọ́bà yẹn kò wọlé ju ìwọ̀n ìka méjì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni omi tó bá pọ̀ jù ń sá sí," ló wí.

Mo ní, "Báwo ló ṣe wá ń padà, àbúrò mi?"

Ó wò mí, ó wo ìgò náà, kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Mo ti rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú dáńfó ní Ìkòtún, mo ti rí i nínú kòrópè ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo ti rí i nínú mọ́tò ẹni tó wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́. Ìgò yẹn ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́, ó ń mú kí omi gbígbóná bó èèyàn, ó sì lè pa ọmọdé.

Mi ò bá ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mọ́tò jà o. Ní 1997, Ezekiel Izuogu gbé mọ́tò Z-600 tó kọ́ fúnra rẹ̀ jáde nílẹ̀ Ìgbò. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyeyiọla, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, sọ Volkswagen Ìjàpá di mọ́tò tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nílùú Ọba, ní 1957 ni iléeṣẹ́ Lotus bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò Seven ní túká, kí ẹni tó rà á lọ tò ó nínú ọgbà ilé rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó yẹ ká gbárùkù ti àwọn ọmọ wa tó ń ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá fi Ìjàpá kọ́ṣẹ́ kò bá rédíétọ̀ pàdé rárá. Ìjàpá tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò níbí ní Ọ̀jọ́ ní 1975, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì olómi ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá sì tò ó fúnra rẹ̀ kò ní ìwé iléeṣẹ́ tí yóò sọ òfin náà fún un.

Omi tó bá gbóná máa ń wú. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnì tutù lówùúrọ̀ títí tó fi gbóná dáadáa, omi inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wú. Bí ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀ bá jọ gba lítà 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30cl omi tó ń wá ibi tí yóò sá sí. Ìdérí rédíétọ̀ ni oníbodè wọn. Sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀ tó ń há omi náà mọ́. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ óò rí 0.9 tàbí 1.1 lára ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó lè há mọ́. Nítorí ìhámọ́ yẹn, omi tí ì bá hó ní 100°C kò ní hó títí yóò fi súnmọ́ 120°C. Bó bá wú kọjá agbára sípíríǹgì, yóò gba rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ sínú ike tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rẹ́sáfọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá wá tutù, omi á súnkì, fálùfù kékeré tó wà láàárín ìdérí á ṣí, rédíétọ̀ á sì fa omi rẹ̀ padà, bí ọmọ ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà.

Sítírọ́ọ̀ tí kò kan mínírà, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Ohun tí rọ́bà ìka méjì yẹn ń ṣe nìyẹn. Omi ń jáde lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ń wọlé lálẹ́. Kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ á fi gba orí ẹ́ńjìnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, níbi tó gbóná jù lọ. Géèjì gan-an á wá máa tan awakọ̀ jẹ, torí sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó rì sínú omi ti wà nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ lè dúró sí àárín jẹ́ẹ́ títí gásíkẹ́ẹ̀tì á fi jó. Ẹ wá fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà sí Ìkòtún lé e, níbi tí mọ́tò kì í ti í sáré tó láti fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀, tó jẹ́ fáànù nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní bí omi bá dànù tí agbè ò fọ́, a óò tún omi mìíràn pọn. Tọ́ọ̀pù alumíníọ́mù tó bá ti tẹ̀, agbè ló fọ́ yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé rẹ́sáfọ̀ sínú mọ́tò tó ń tò, kí ó kọ́kọ́ mọ èwo gan-an ló ń wá, nítorí oríṣi méjì ló wà, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Lára ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, orí rédíétọ̀ ni ìdérí onísípíríǹgì wà. Rẹ́sáfọ̀ jẹ́ ike lásán tó ń mí síta, ìdérí rẹ̀ kò há nǹkan kan mọ́. Lára ọ̀pọ̀ Volkswagen àti Opel, rédíétọ̀ kò ní ìdérí tirẹ̀ rárá. Orí ike náà ni ìdérí onísípíríǹgì wà, ike yẹn nípọn, ó sábà máa ń rí roboto, torí gbogbo agbára omi gbígbóná ló ń gbà sára. Bí a bá dé ọjà Ládìpọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, èyí tó bá ṣáà ti wọ àyè tó ṣófo la máa ń rà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Toyota ṣe iṣẹ́ ti Volkswagen, ike náà á bẹ́, omi tó gbóná ju èyí tó ń hó nínú ìkòkò ẹ̀bà lọ á sì tú jáde. Ẹni tó bá fi ti Volkswagen gba omi láti ọrùn rédíétọ̀ Toyota tó sì tún dé e pinpin, ó ti fi oníbodè méjì sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo: agbára inú rédíétọ̀ á kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún, họ́ọ̀sì tó bá gbó jù lọ ni yóò sì kọ́kọ́ já.

Ibì kan tún wà tó ti kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to mọ́tò sí wàhálà. Imú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀, rédíétọ̀ á wá kéré sí ẹ́ńjìnì ní gíga. Afẹ́fẹ́ kì í lọ sísàlẹ̀, òkè ló ń wá. Nígbà náà, ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ibi tó ga jù mọ́, bí ẹ sì da omi síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, afẹ́fẹ́ á ṣì wà nínú tọ́ọ̀pù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ike tó nípọn, onísípíríǹgì, kí ó wà lókè ju gbogbo nǹkan lọ, kí ibẹ̀ sì jẹ́ ibi tí a ti ń da omi. Volkswagen fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá nígbà tó ṣe bọ́ọ̀sì T3 olómi, tí ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, tí rédíétọ̀ wà níwájú, tí páìpù gígùn so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá ti tún un ṣe rí á sọ fún yín bí afẹ́fẹ́ inú páìpù yẹn ṣe máa ń le láti lé jáde.

Ní ti ibi tí a ó gbé rẹ́sáfọ̀ sí: kí ó jìnnà sí páìpù sàlẹ́ńsà, kí ó ní irin tó dì í mú dáadáa, kí ẹnu ihò tó fi ń mí má kọjú sí awakọ̀ tàbí sí bátìrì. Kí rọ́bà náà dé ìsàlẹ̀ ike, kí kílíìpù di orí méjèèjì, kí ike tó lítà kan ó kéré tán, kí omi inú rẹ̀ wà láàárín ìlà méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ẹ̀yin onímọ́tò kòrópè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnì Suzuki Every tí ẹ fi ń kérò wà. Èrò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, orí omi gbígbóná ló jókòó lé.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná jù, àwọn mẹkáníìkì kan á ní kí ẹ yọ tọ́mósítáàtì dànù, pé ooru Nàìjíríà kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tọ́mósítáàtì tó bà jẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Yíyọ rẹ̀ kò ní kí ìgò mínírà dá omi padà.

Mo ti rí ohun tó ń tẹ̀lé irú ìgò bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá títì tí n kò lè ka iye ìgbà. Mọ́tò á gbóná jù, kọ̀ǹdọ́ á bẹ́ sílẹ̀, á ra píọ̀ wọ́tà méjì, á fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, á sì yí i. Omi tó wà nínú ibẹ̀ ti kọjá 100°C. Ìdérí nìkan ni kò jẹ́ kó hó. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí ìdérí bá ṣí ni apá kan rẹ̀ á di oru, á sì gbé ìyókù fò sí ojú, sí ọrùn, sí àyà. Ẹ má ṣí i. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, títí ọwọ́ yóò fi lè dúró lára họ́ọ̀sì òkè láìjó. Èrò tó ń kánjú lè wọ ọkọ̀ mìíràn.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, píọ̀ wọ́tà yẹn gan-an ni ìtọ́jú àkọ́kọ́: ẹ da omi tútù sí ojú egbò náà fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ bọ́ aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, ẹ yọ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí yìnyín sí i. Ẹ pe 112 tàbí 767; nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni méjèèjì. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndò níbí, ilé ìwòsàn ìjọba Gbàgádà sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí iná tàbí omi gbígbóná bá jó.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ nínú ìgò mínírà yẹn kò kan ẹ́ńjìnì rárá. Ethylene glycol ló wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì tí a ń dà sínú rédíétọ̀. Ó dùn lẹ́nu. Àwọ̀ ewé tàbí pupa tí wọ́n fi sí i jọ ti mínírà. Bíi 10cl rẹ̀ lè pa àgbàlagbà. Síbí mélòó kan ti tó fún ọmọ kékeré. Ẹ rántí oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tó pa ọmọ tó lé ní 80 nílẹ̀ yìí láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Diethylene glycol ló bọ́ sínú rẹ̀, ìbátan èyí tó wà nínú kúláǹtì ni, kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló sì bà jẹ́. Wàyí o, ẹ fojú inú wo ọgbà ilé wa: mọ́tò tí a ń tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré káàkiri, ìgò mínírà tó ní omi aládùn aláwọ̀ mèremère wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe da kúláǹtì tó bá ṣẹ́kù sínú ìgò omi kí ẹ sì gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ike kúláǹtì náà dání kí dókítà lè rí i.

Ọmọkùnrin Ìgàndò yẹn kò gbé mọ́tò rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ó ra rẹ́sáfọ̀ Corolla, ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti sán, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà sára ike níbi tí omi dé. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí fáànù fi tan tó sì kú lẹ́ẹ̀mejì, omi gòkè ju ìlà lọ níwọ̀n àtàǹpàkò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti padà sójú ìlà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to mọ́tò nínú ọgbà, ẹ̀yin awakọ̀ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, mo bẹ̀ yín: lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọwọ́ tọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde láti ọrùn rédíétọ̀ dé òpin rẹ̀. Bí ẹ bá bá ìgò mínírà níbẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò náà jáde.