Ẹ̀rọ tí a fi ń Ta Ọkàn Jí

Ní ọjọ́ 12 oṣù June, ọdún 2021, ní ìlú Copenhagen, Christian Eriksen ṣubú lulẹ̀ níbi tí ó gbé ń gbá bọ́ọ̀lù fún Denmark, ilẹ̀ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. A tẹ̀ ẹ́ ní àyà, a sì fi iná mànàmáná ta ọkàn náà jí. Ní ọdún 2022 ó tún padà sí orí pápá.

Ẹ̀rọ irú èyí wà tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, kì í sì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí bí ó ti yẹ (mímí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń pọ̀kàkà ikú kì í ṣe mímí), kí ẹnìkan ké sí oníṣègùn, kí ẹlòmíràn sáré mú ẹ̀rọ wá, kí ẹ̀kẹta máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ní ìwọ̀n ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ náà, òun tìkararẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀ tọ́ yín sọ́nà. Ẹ ṣí àyà náà sílẹ̀, ẹ nu òógùn rẹ̀, ẹ lẹ abala kan mọ́ òkè àyà lápá ọ̀tún rẹ̀, èkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì nísàlẹ̀ abíyá.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀, kí wọn má baà fi iná pa ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa kọ́kọ́ yẹ ọkàn wò. Bí kò bá rí i pé ó yẹ, kì í ta iná. Kí ẹnikẹ́ni ṣáà má ṣe fi ọwọ́ kan aláìsàn nígbà tí ó bá ń ta á. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà lójúkan náà. Ẹ má ṣe dúró máa wo ojú rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń gé ìrètí ìyè kù. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní ọ̀kan, ẹ má ṣe tì í mọ́ inú àpótí tí ẹnìkan ṣoṣo ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.