Dáìsì Lúdò Méjì: Kí Ló Dé Tí Ìjákulẹ̀ Fi Ń Dùn Nínú Eré Yìí?

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Ìlútítun, dáìsì lúdò méjì bọ́ sórí tábìlì wa: 2 àti 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3. Tó bá jẹ́ lúdò la ń ta ni, ẹni tó jù ú ì bá ti máa ṣépè. Ṣùgbọ́n ńṣe ni gbogbo wa fò sókè, tí a ń pariwo bíi pé Super Eagles ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ni Màámi bá yọ láti inú ilé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé tẹ́tẹ́ lẹ wá ń ta nínú ilé mi báyìí?"

"Rárá o, Mà. Eré la ń ṣe."

"Eré wo ló ń lo dáìsì, tí kì í ṣe lúdò, tí kì í ṣe tẹ́tẹ́?"

Ẹ má bá Màámi wí o. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ju dáìsì yẹn, ti fi owó fọ́ọ̀mù ìdánwò rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù rí, owó náà sì wọlé. Ojú ẹni tó ti jóná rí ni wọ́n fi wo dáìsì wa. Ìbéèrè wọn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí: kí ló yàtọ̀ nínú eré yìí, tí ẹni tó jákulẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín?

Eré wo nìyí gan-an?

Apocalypse World lorúkọ ẹ̀. Tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, D. Vincent Baker àti Meguey Baker, ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde fúnra wọn ní 2010, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Ó wà lára àwọn eré tí òyìnbó ń pè ní tabletop role-playing game, RPG ní kúkúrú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974.

Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sí ọmọ ayò. Ẹnu la fi ń ṣe é. Ayé ti bàjẹ́ nínú ìtàn náà, ìlú ti dahoro, àwọn tó kù ń wá bí wọ́n ṣe máa yè é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú èèyàn kan: oníṣègùn, awakọ̀, olórí ibùdó, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo á jẹ́ MC. Òun ló máa sọ bí ayé ìtàn náà ṣe rí, òun ló sì máa ṣe gbogbo èèyàn yòókù tó wà níbẹ̀. Èmi ni MC lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí o bá fẹ́ ṣe nǹkan tó léwu, wàá ju dáìsì méjì. MC kì í ju dáìsì rárá.

Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀

Dáìsì kan ní ojú 6. Tó bá di méjì, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bọ́ sílẹ̀ jẹ́ 6 × 6, ìyẹn 36. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti rí 2 (1 àti 1), ọ̀nà kan ṣoṣo láti rí 12 (6 àti 6). Ṣùgbọ́n ọ̀nà 6 ló wà láti rí 7. Ìdí nìyẹn tí 7 fi máa ń yọ jù.

Nínú eré yìí, wàá fi àmì agbára rẹ kún ohun tí dáìsì mú wá. Ká ní +1 ni agbára rẹ:

- 10 sókè: ó bọ́ sí i. Ìgbà 10 nínú 36.
- 7 sí 9: ó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n wàá san nǹkan kan fún un. Ìgbà 16 nínú 36.
- 6 sísàlẹ̀: wàhálà dé, MC ló máa sọ irú èyí tó jẹ́. Ìgbà 10 nínú 36.

Ṣẹ́ ẹ rí i? Èyí tó ń wáyé jù ni ti àárín: o rí i gbà, ṣùgbọ́n ó ná ọ ní nǹkan. Àbí ayé tiwa náà kọ́ nìyẹn? O rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. O rí epo bẹntiróò rà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn

Ìlútítun yìí náà la fi ṣe ibùdó wa nínú ìtàn. Ó sì bá a mu, nítorí ẹni tó bá dàgbà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa ayé tí kò ní iná. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà níbí láìsí iná ìjọba. Àbúrò mi ni alátùn-únṣe ẹ̀rọ. Ó ń gbìyànjú láti jí jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ kan, kí ibùdó lè rí omi fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ju 3. Ó fi +1 kún un, ó di 4. Ìjákulẹ̀ nìyẹn.

Mo lè sọ pé, "Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, ó tán." Ṣùgbọ́n ìtàn máa kú síbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé: "Jẹnẹrétọ̀ jí. Ariwo ẹ̀ gba gbogbo òkùnkùn kan. Lọ́nà Okitipupa lọ́hùn-ún, iná ọ̀kadà mẹ́fà yí padà, wọ́n dojú kọ wa." Ìgbà yẹn la pariwo.

Màámi gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àwọn ta ló wà lórí ọ̀kadà yẹn?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀, Mà."

Òótọ́ ni mo sọ. Tí apàlọ́ bá ti ké "Ààlọ́ o!", ó ti mọ ibi tí ẹ̀tẹ́ Ìjàpá máa já sí. Ṣùgbọ́n òfin eré yìí ni pé MC kò gbọdọ̀ ti pinnu ìparí sílẹ̀. Òun náà ń ṣeré kó lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni.

Ọpọlọ wa ńkọ́?

Ní 2003, Christopher Fiorillo, Philippe Tobler àti Wolfram Schultz tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀bọ. Wọ́n máa ń fi àmì kan han ọ̀bọ, lẹ́yìn náà ó lè rí omi èso mu, ó sì lè má rí i. Wọ́n ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń tú dopamine jáde. Ìgbà tí ọ̀bọ bá mọ̀ dájú pé òun máa rí i kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tó ń dúró. Ìgbà tó bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì ni, tí kò mọ èyí tó máa jẹ́.

Èrò tèmi ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń mú wa nígbà tí dáìsì ṣì ń yí lórí tábìlì. Ohun kan náà sì ni tẹ́tẹ́ fi ń mú èèyàn. Nítorí náà, Màámi ò ṣìnà: ilẹ̀kùn kan náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló yàtọ̀. Nídìí tẹ́tẹ́, wọ́n ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà kí èrè lè máa wọ àpò onítẹ́tẹ́ bó bá pẹ́. Tí o bá pàdánù, owó lọ, kò sì sí nǹkan mìíràn tó tẹ̀ lé e. Níbi tiwa, kò sí jíjù tó ṣòfò. Èyí tó burú jù gan-an ló ń mú ìtàn tó dùn jù wá.

Àbúrò mi sọ ọ́ dáa jù mí lọ: "Bọ̀dá, tí mo bá pàdánù nídìí tẹ́tẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbé e mọ́ra. Níbí, gbogbo yín lẹ bá mi pàdánù ẹ̀."

Mi ò ní parọ́ fún yín pé eré yìí ni oògùn tẹ́tẹ́. Ó ṣì ń wo iye tí wọ́n fi lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lórí lórí fóònù ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Jímọ̀, ó máa ń gbé fóònù yẹn sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹ dán an wò

Ẹ ju dáìsì lúdò méjì nígbà 36, kẹ́ ẹ kọ àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá 7 ló pọ̀ jù. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ju 100. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ẹ mú bébà àti bírò, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan ní àdúgbò tiyín. Ẹ kọ́kọ́ jọ sọ àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́ nínú ìtàn náà, kí eré má baà dìjà.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a ò tíì tẹ́ bébà tán tí Màámi fi gbé àga jáde.

"Àwọn ọlọ́kadà yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé wọ́n ti dé?"