Egbò Orí Adìẹ: Àjẹsára Kí Àrùn Tó Dé

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún àwa tí à ń sin adìẹ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti agbègbè wọn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á tà.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí ẹ̀fọn pọ̀, ẹ óò rí i tí kókó kéékèèké ń yọ sí ogbe adìẹ, sí ìpéǹpéjú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Kókó á di egbò, egbò á di èépá dúdú. Ọ̀pọ̀ wa á ní bakitéríà ni, a ó sáré ra kápúsù, a ó tú u sínú omi adìẹ. Èmi náà ti ṣe é rí. Owó lọ, kókó ò lọ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn yìí, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní fowl pox, ẹ̀fọn sì ń gbé e kiri. Lóòótọ́ bakitéríà máa ń wọ ojú egbò náà, oògùn sì lè pa á, ṣùgbọ́n àlejò ni, òun kọ́ ni onílé.

Èyí tó mú awọ ara nìkan sàn díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 adìẹ á yá, àmọ́ ẹyin á ti dínkù. Èyí tó bá wọ ọ̀fun ló burú, torí ó lè dí èémí adìẹ pa. Kì í ran èèyàn o. Ẹ má fi í pe ìgbóná tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé.

Àjẹsára ni ààbò rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, láti 1924, ń ṣe é. A kì í bu ú sómi bíi ti lúkúlúkú. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì la ń tì bọ inú rẹ̀, a ó fi gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ ìyẹ́ apá já, níbi tí kò sí egungun tàbí iṣan. Kí adìẹ ti tó bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kó má sì tíì máa yé. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ wo ojú ibẹ̀: bó bá wú díẹ̀ tàbí tó sé èépá, ó ti mú. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ṣeé ṣe kí òòrùn ti pa oògùn náà kó tó dọ́dọ̀ yín. Inú yìnyín ni kó wà títí ẹ ó fi pò ó. Bẹ́ ẹ bá ti pò ó tán, ẹ lò ó tán láàárín wákàtí 2.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ìgò kan tó ọ̀pọ̀ adìẹ. Ẹni tó ní 30 á kàn da ìyókù nù ni. Ẹ kó owó jọ ládùúgbò ládùúgbò, torí ìgò tẹ́ ẹ pò n'Íkẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ máa rin ìrìn Ẹmùré. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kí agúnbẹ́rẹ́ sì fọ ọwọ́ àti bàtà kó tó wọ ilé kejì.

Bí àrùn bá ti mú ẹyọ mélòó kan, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ gún ìyókù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe kó elégbò pọ̀ mọ́ èyí tí ara rẹ̀ dá nínú agbọ̀n kan náà, ẹ má sì tà á fún ẹni tó fẹ́ lọ sìn ín. Èépá tó bọ́ sílẹ̀ lè gbé àrùn náà pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ẹ gbá agbọ̀n àti ilé adìẹ mọ́, kẹ́ ẹ sun ìdọ̀tí rẹ̀.