Ṣé òpó nẹ́tíwọ̀kì ló ń fọ́ mi lórí?

Ìbéèrè: Jórinjórin ni mí ní Suame Magazine, Kumasi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ri òpó nẹ́tíwọ̀kì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni orí ti ń fọ́ mi, n kì í sì í rí oorun sùn dáadáa. Ṣé òpó yìí ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn yín kì í ṣe àròsọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí dán ẹni tó ní ìtànṣán ń ṣe òun wò láìjẹ́ kó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tó ń tú ìtànṣán jáde wà ní títàn tàbí pípa, kò dá ìyàtọ̀ mọ̀. Àwọn onímọ̀ Ghana Atomic Energy Commission náà ti wọn ìtànṣán òpó ní Accra. Ó kéré gan-an sí òdiwọ̀n àgbáyé.

Èéfín ni èmi fura sí. Ẹ máa ń jó páànù tí wọ́n fi síńkì bò, àbí? Èéfín rẹ̀ máa ń fa orí fífọ́, ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà. Àìsàn náà yóò lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ ẹni tó ń ṣe lè máa gbé oògùn ibà mì lásán. Ẹ máa jó páànù náà níta gbangba, kí ẹ kọ́kọ́ ha síńkì náà kúrò. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Bó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé e jáde lónìí. Èéfín tirẹ̀ ń pànìyàn.

Níwọ̀n bí ẹ ti béèrè nípa òpó, okùn ẹ̀rọ ìjórin yín náà ní agbára òòfà tó pọ̀, ẹ má gbé e kọ́ èjìká. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nínú ọkàn gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó sún mọ́ ọn.

Nítorí orí tó ń fọ́ yín, ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò nílé ìwòsàn bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.