Ìyà, Ìrora àti Ìnira: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Ìwà-sí-Ẹranko ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí a máa la inú ọ̀pọ̀lọ́ tàbí eku kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ó tọ́ láti ṣe sí ẹranko. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó bá kan iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè sú u. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ bá lọ́, èrò akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá a lọ́.

Nínú ìwé tí Jeremy Bentham, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1789, ó ní kì í ṣe bóyá ẹranko lè ronú tàbí sọ̀rọ̀ ni ìbéèrè, bí kò ṣe bóyá wọ́n lè mọ ìnira. ‘Jìyà’ ni ó sábà ń yá atúmọ̀ èdè lẹ́nu níhìn-ín. Kò kúkú burú tán, nítorí tálákà a máa jìyà láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni wọ́n fi ń jẹ ọ̀daràn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ̀. ‘Ìrora’ ní tirẹ̀ kò tó. Eku tí wọ́n há mọ́ àgò kékeré lè wà láìsí ibi kan tí ń dùn ún, síbẹ̀ kí ibẹ̀ máa ni í lára. ‘Ìnira’ ni ó gba méjèèjì.

Òwe kan wà tí ó wúlò fún àríyànjiyàn ní kíláàsì: ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ṣé gígún ni òwe náà kọ̀, àbí ó kàn fẹ́ kí agúnni mọ bí ó ti ń dunni? Peter Singer, ará Ọsirélíà, gbé ìnira ẹranko sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ti ènìyàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1975. Tom Regan, ará Amẹ́ríkà, sọ ní 1983 pé ẹranko ní ẹ̀tọ́ tí èrè ẹlòmíràn kò lè rà. Bí atúmọ̀ èdè bá pe èrò méjèèjì ní ‘ẹ̀tọ́ ẹranko’, ìjà wọn parẹ́.

Ìlànà mẹ́ta tí Russell àti Burch gbé kalẹ̀ ní 1959 fún ìwádìí tí wọ́n ń fi ẹranko ṣe rọrùn díẹ̀. ‘Ìfirọ́pò’ àti ‘ìdínkù’ kò ní wàhálà. Ẹ̀kẹta ni wọn kò gbọdọ̀ pè ní ‘àtúnṣe’, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ohun èlò ni wọ́n ń tún ṣe. Kí ìnira ẹranko lè fúyẹ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n lo oògùn apàrora. ‘Ìmúdẹrùn’ sàn jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yàrá-ìwádìí rẹ̀ tí ó kàn, kí ó sì dárúkọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yí padà nínú rẹ̀.