Ilé Jó, Ilé Jò, Ilé Ń Sun Omi

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní “jò” ti ba òwe náà jẹ́, torí kò sí ẹwà kankan lára ilé tó ń jò. Iná ló ń mú ilé jó, òjò ló ń mú un jò.

Lẹ́nu àwọn tó ń gbé ilé onídẹ́kìn tí kò ní páànù lórí, “ilé mi ń jò” ni ṣáá. Ọ̀rọ̀ náà kò tó. Bí omi bá gba ojú kan wọlé, tó ń kán tó, tó, sínú garawa, ilé ń jò nìyẹn. Àmọ́ bí àjà bá kàn tutù, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń wú, tó ń ṣí, tí kò síbi téèyàn lè nawọ́ sí pé ibí ni, omi ń sun ni. Èyí tó ń jò sábà máa ń wá láti ìdí páìpù tàbí ibi tí fẹ́ẹ̀tì, awọ ọlọ́dà tí wọ́n ń tẹ́ sórí dẹ́kìn kí omi má baà wọlé, ti pàdé ògiri. Èyí tó ń sun, omi ti dúró pẹ́ lórí dẹ́kìn. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún bíríkìlà, kó má baà máa wá ihò tí kò sí. Ẹni tó sì lọ kun àjà lọ́dà tuntun fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọ̀dà la fi ń kun ògiri, ọ̀dà náà ló wà lójú títì, irú èyí tó wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tòrùlé, “ọ̀dà dúdú” ni kí ẹ pè é lọ́jà. Ẹ má kọ ọ́ ní “ọ̀dá” o: ọ̀dá ni ti òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, àti ti owó tó wọ́n.

Páànù là ń kàn. A kì í kan fẹ́ẹ̀tì mọ́ dẹ́kìn, torí ihò ni ìṣó ń dá sílẹ̀. Ọ̀dà ṣíṣàn là ń kọ́kọ́ kùn, ká tó tẹ́ fẹ́ẹ̀tì, ká sì fi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù, níbi tómi ń gbà jáde, la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10. Bó bá dé ògiri, kó gùn ún tó sẹ̀ǹtímítà 15.

A ń pè é ní òrùlé pẹrẹsẹ, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́jú tán. Ó yẹ kó dagẹ̀rẹ̀, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 nínú 80. Nínú irú fẹ́ẹ̀tì méjèèjì tó wọ́pọ̀, APP àti SBS, APP ni mo fara mọ́ fún oòrùn tiwa, torí kì í tètè rọ̀. SBS ló mọ òtútù í bá ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ tẹ́ ẹ, nígbà tí dẹ́kìn ti gbẹ dénú. Bí omi bá há sábẹ́ fẹ́ẹ̀tì, oòrùn á sọ ọ́ di ooru, fẹ́ẹ̀tì á sì lé ròrò.